Ta Ni Yóò Máa Ṣílẹ̀kùn Rẹ̀ Láàárọ̀? Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúnṣe Ilé Àtijọ́ Nínú Ìlú Tó Ń Dọ̀tun

Ilé wa ní Ìlobù ni mo wà nígbà ìsinmi tó kọjá tí àwọn kan gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé. Wọ́n wọn ojú títì, wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára òpó iwájú ilé bàbá tó bí bàbá mi. Wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ló túmọ̀ àmì náà fún wa: "Ẹ máa kó ẹrù yín o, wọ́n fẹ́ wó o ni."

Títì tó ti Òṣogbo wá, tó gba Ìlobù kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni ilé náà dojú kọ. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ bí ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti dúró nínú oòrùn níbẹ̀ rí fún odindi wákàtí kan nítorí tírélà tó yẹ̀ sínú gọ́tà, n kò sì ní purọ́ fún yín pé n kò fẹ́ kí títì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà ńkọ́? Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Òpó mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, òdòdó sìmẹ́ǹtì wà lókè ẹnu ọ̀nà, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onípákó, ó sì máa ń ké bí ọmọ ológbò bí a bá ń ṣí i. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, apá kan sì ti ń jò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹbí péjọ. Àwọn kan ní kí a tètè fọwọ́ ara wa wó o, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé inú ilé náà ni wọ́n ti sọ gbogbo wa lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń kàwé Yorùbá ní yunifásítì, kí ni ìwé wí?" Mo ní, "Bàbá, ogún ni ilé yìí." Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ti ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ogún tí òjò ń rọ̀ sí mi lórí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló gbé mi dé ibi ìkówèésí. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka wa, torí ó dá mi lójú pé irú ilé yìí wà ní agbo ilé ọ̀pọ̀ nínú yín, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìléṣà, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìbàdàn.

Bí irú ilé yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Àgùdà ni a ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wálé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú àti ẹrú tó ti gba òmìnira dì ní Bahia ní 1835 ni ìpadàbọ̀ náà wá gbilẹ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó, àwọn mìíràn sì tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́ àti etí òkun ibi tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn, ọwọ́ wọn sì mọ iṣẹ́. Òpó róbótó, fèrèsé tó tẹ̀ kọdọrọ lókè, òdòdó tí wọ́n fi erùpẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sí orí ẹnu ọ̀nà, àwọ̀ mèremère lára ògiri: ara ohun tí wọ́n mú bọ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé àṣà náà wọ àárín ilẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907. Ó ń kó kòkó lọ, ó ń kó páànù àti sìmẹ́ǹtì bọ̀. Ẹni tó bá rówó nídìí kòkó tàbí òwò a fẹ́ kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì olópòó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú wa lókè yìí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí yóò ṣe pàtàkì bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ òjò.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ilé náà tún yàtọ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá yí àgbàlá ká, òrùlé sì nà jáde bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò. Nínú ilé ti Àgùdà, ọ̀nà tóóró kan gba àárín ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Nílé tiwa, ọ̀nà tóóró yẹn náà ni wọ́n sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ti ṣí wọ ilé tuntun, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹbí yẹn, mo jókòó ti àbúrò bàbá mi, mo sì ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo apá ilé náà fún mi láti ìta dé ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ mọ́kàndínlógún ni mo kọ sílẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn ni n kò gbọ́ rí láyé mi, èmi tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ọ̀rọ̀ orúkọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ yín, ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá yín.

Ilé tí òfin ń ṣọ́

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé bí ìjọba bá ti kọ orúkọ ilé kan sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ilojo Bar ló kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìta Tinúbú l'Ékòó ni ilé náà wà. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá. Ní 1956, ìyẹn kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí fún orílẹ̀-èdè. Ní 1979 wọ́n ṣe òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún náà, èyí tó dá àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, òfin náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata kọlu Ilojo Bar, ó sì wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà nínú ìwé ìjọba.

Ariwo pọ̀ lẹ́yìn náà, n kò sì fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tí ìkéde yẹn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó lè sọ fún onílé pé má ṣe wó o, má ṣe yí i padà. Kò lè bá a ra páànù. Kò lè wá ẹni tí yóò yá yàrá iwájú. Ilé náà dúró láàárín gbùngbùn Èkó, níbi tí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ti níye lórí, ọdọọdún sì ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń wọ́n sí i bí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbó. Ilé tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, tí kò mówó wọlé, ọjọ́ katakata rẹ̀ ni à ń retí.

Ó tún kù díẹ̀, èyí sì ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òfin náà ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú lórí ilé tó wà lórí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ṣírò rẹ̀ rèé: wọ́n á wo iye tí yóò náni láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá yọ iye tí ọjọ́ orí àti lílò ti jẹ lára rẹ̀ kúrò. Ẹ rò ó wò. Bí ilé bá ṣe pẹ́ sí ni owó rẹ̀ ṣe ń dín kù sí. Òfin kan ń wo ọjọ́ orí ilé bí iyì, òfin kejì ń wò ó bí àárẹ̀. Ilé wa ní Ìlobù kò sí nínú ìwé ohun ìrántí kankan, nítorí náà òfin kejì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé èèyàn ni wọ́n ń ṣírò báyìí, èmi náà ti di ọ̀fẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀wọ̀n tó di ibi ìgbafẹ́

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìta Tinúbú ká lọ sí Broad Street, kò jìnnà síra. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní 1882, amọ̀ ni wọ́n sì fi mọ ògiri rẹ̀. Kò tọ́jọ́. Ní 1885 wọ́n kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún un mọ. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà sì dé ibẹ̀. Ní 1979 wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ààtàn. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló wá ronú pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìrántí, wọ́n sì ṣí i ní 2010, ọdún tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Freedom Park ni wọ́n pè é.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò ní Ìlobù. Wọ́n fi ògiri àyíká àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìlà ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà hàn nílẹ̀, àmọ́ wọn ò kọ́ ẹ̀wọ̀n ayédèrú láti fi tan àlejò. Níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ tẹ́lẹ̀ ni orí ìtàgé ńlá wà báyìí. Mo gbọ́ gìtá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ara mi sì bù máṣọ díẹ̀, n ò ní parọ́. Oúnjẹ ń bẹ, ọtí ń bẹ, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹnìkan lè sọ pé èyí kì í ṣe àtúnṣe ilé àtijọ́ rárá, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé fúnra rẹ̀ ti lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí àwọn onímọ̀ àtúnṣe ilé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ní Venice ní 1964 sọ ohun méjì tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ó ní lílo ilé àtijọ́ fún ohun tó wúlò fún ará ìlú a máa ran ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sì ní ibi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dúró, ìyẹn ni pé bí o kò bá mọ bí apá ibì kan ṣe rí tẹ́lẹ̀, má ṣe fi ìméfò kọ́ ọ. Ní ojú tèmi, Freedom Park pa méjèèjì mọ́ ju ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun, tí wọ́n yọ fèrèsé pákó rẹ̀, tí wọ́n ki ti aluminiomu bọ̀ ọ́, tí wọ́n wá gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tún wà l'Ékòó níbẹ̀. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló darí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894. Ọdún 2013 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò: ọgọ́fà ọdún ó dín díẹ̀ ló fi dúró láìsí ìkéde kankan, ó dúró gbọnin. Ilojo Bar tí wọ́n kéde láti 1956 ti lọ. Kí ló fà á? Ládàánì ń pe ìrun ní Shitta-Bey lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń rí ibi tó ń jò, wọ́n ń dáwó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé iṣẹ́ yìí. Kí a tó béèrè bí ilé ti dàgbà tó tàbí bó ṣe lẹ́wà tó, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní London lè wo irú èyí ní King's Cross. Wọ́n kọ́ ilé ìkó-ọkà ńlá kan síbẹ̀ ní 1852, níbi tí wọ́n ń kó àlìkámà sí fún ìlú. Nígbà tí wọ́n sọ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ ojú irin àyíká rẹ̀ di àdúgbò tuntun, wọn ò wó o. Láti 2011 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ti ń wọlé jáde níbẹ̀. Àpẹẹrẹ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbé wá sí Ìlobù. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú owó ńlá ló ni ọ̀rọ̀ sọ. Níbí, ilé ẹbí ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa àti bí ilé ẹjọ́ ti gbà á, olórí ẹbí nìkan kò lè tà á láìsí ohùn àwọn àgbà ìdílé tó kù, àwọn tó kù náà kò sì lè tà á lẹ́yìn olórí ẹbí. Mo ti máa ń rò pé èyí ló ń dá iṣẹ́ dúró. Mo ti wá rí i pé òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè tà á.

Nítòsí ilé

Kò pọn dandan ká lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ulli Beier àti Susanne Wenger gbé Ẹdẹ, wọ́n gbé Ìlobù wa yìí náà, kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Òun àti Beier sọ ọ́ di Mbari Mbayo, ibi eré orí ìtàgé àti àfihàn iṣẹ́ ọnà. Wọn ò wó ilé, wọn ò retí owó ńlá láti òkè òkun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí ohun tí ilé náà ń ṣe padà, ogunlọ́gọ̀ ayàwòrán sì ti ibẹ̀ jáde.

Wenger ní tirẹ̀ gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀nà Ìbòkun títí ó fi kú ní 2009. Ilé irú ti Àgùdà ni, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà kí ayé tó mọ̀ ọ́n sí oníṣẹ́ ọnà, ló ṣe iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì oníhò tó yí iwájú rẹ̀ ká. Àkànjí yìí kan náà ló ṣe irú rẹ̀ sí ilé epo Esso ní Òṣogbo. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an: ilé epo, ohun ọ̀làjú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà ìlú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé títì àti ọnà kò lè jọ gbé.

Ọ̀rọ̀ omi

Nígbà tí mo padà sí Ìlobù, mo wá bíríkìlà àgbà kan ní àdúgbò wa lọ. Wọ́n tẹ̀ lé mi wá sílé. Wọn ò wo òpó, wọn ò wo òdòdó ẹnu ọ̀nà tí mo ń nà wọ́n sí. Ìka ni wọ́n fi ń kan ògiri káàkiri, tí wọ́n ń tẹ́tí. Níbì kan ó dún kì, níbì kan ó dún bí agbè òfìfo. Wọ́n ní, "Ibi tó ń dún yìí, sìmẹ́ǹtì nìkan ló kù níbẹ̀. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun."

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tu ú jáde bí oòrùn bá yọ. Sìmẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le, kì í bá amọ̀ wú, kì í bá a sún kì, nítorí náà ó máa ń sán. Omi òjò á gba ojú sísán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ á sì máa jẹrà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì láìsí ẹni tó mọ̀. Onílé á rí ojú sísán, á tún fi sìmẹ́ǹtì mìíràn dí i. Oògùn rẹ̀ ló ń pa á. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń gbà wá nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n fi amọ̀ irú ti àkọ́kọ́ dí ibi tó jẹrà, kí wọ́n pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, kí ohun tí wọn yóò fi rẹ́ ẹ sì jẹ́ èyí tó ń mí, bí amọ̀ tí wọ́n po ẹfun sísun mọ́, irú èyí tí wọ́n ń sun láti ara òkúta tàbí ìkarahun.

Bíríkìlà náà tún mú mi jáde lọ sójú títì. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Títì ti ga ju ilẹ̀ ìloro wa lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń gun òkúta méjì kí á tó wọlé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀dà títì dà, wọn kì í hó ti tẹ́lẹ̀ kúrò, orí rẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Títì ń ga, ilé ń rì, omi títì sì ń wá sílé. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ògiri wa fi ń jẹrà, kì í ṣe nítorí pé ó dàgbà. Ẹ lọ wo ilé àtijọ́ tó wà létí títì nílùú yín, ẹ ó rí ohun kan náà. Bí a bá fẹ́ títì láìronú ibi tí omi yóò gbà, ilé tí katakata dá sí, omi yóò wó o.

Mo béèrè pé ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òrùlé, lẹ́yìn náà gọ́tà, ògiri ló kẹ́yìn. Òpó àti òdòdó tí mo ń ké pè kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ìpàdé ẹbí kejì

Ṣáájú ìpàdé kejì, mo fi okùn wọn ibi tí àmì pupa bá ìlà ilé pàdé. Bó bá jẹ́ ìlà yẹn ni wọ́n máa tẹ̀ lé, faranda àti òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni títì yóò gbà. Kò dé ara ògiri yàrá. Mo ya fọ́tò òpó kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, mo wọn gíga rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí wọ́n bá lọ, ó kéré tán a ó mọ bí wọ́n ṣe rí láìlo ìméfò.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò pe ilé náà ní ogún. Mo béèrè ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀. Àbúrò bàbá mi ní, "Ṣé o ò rí mi ni?" Wọ́n ní yàrá iwájú ti ṣófo láti ọdún mẹ́ta, pé aránṣọ kan ti ń bẹ̀ wọ́n fún un, àwọn ló ń sọ pé ilé ẹbí ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bó ṣe dà lójú ìwé yìí. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi tó wà l'Ékòó ní òun kò ní dá kọ́bọ̀ lórí ilé tí ìjọba lè wó lọ́la, n kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání. Lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n fẹnu kò pé kí aránṣọ san owó ọdún kan, kí a fi ra páànù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà sí àwọn tó wá wọn títì, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí ìlà wọn má kọjá faranda, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Mo kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àgbà ìdílé mẹ́rin fọwọ́ sí i, a mú un lọ. Wọn kò tíì fún wa lésì.

Owó aránṣọ ra páànù tó bo apá òsì ilé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò rọ̀ ní Ìlobù láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, àbúrò bàbá mi sì pè mí lórí fóònù lálẹ́. Wọ́n ní apá òsì gbẹ táútáú, pé aránṣọ ṣì ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣọ níbẹ̀ bí àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún, níbi tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà, ọpọ́n méjì ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ará Èkó.